Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú láptọ́ọ̀pù mi: Firefox fún ẹni tó fẹ́ràn fíìmù

Màmá mi ló sọ ọ́ ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Wọ́n rí àwòrán ẹranko pupa tó ká ara mọ́ nǹkan róbótó lójú láptọ́ọ̀pù mi, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lèyí, èyí tó máa ń gbé adìẹ lọ?" Mo ní òun ni mà. Wọ́n ní kí n ṣọ́ ọ dáadáa kó má lọ gbé mi lówó. Ó ti lé lóṣù mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń fi Firefox, bráósà tí wọ́n fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, wo fíìmù, kò tíì gbé kọ́bọ̀ mi, àmọ́ lọ́sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé orí mi lọ, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, torí mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbé e sórí ẹ̀rọ ẹ̀ lónìí lè pàdé ohun tí mo pàdé, á sì yọ ọ́ dànù kílẹ̀ tó ṣú, á ní bráósà náà ò dáa, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ò sí lọ́wọ́ bráósà rárá.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀rọ tí mò ń lò, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni, Core i5 ìran kẹfà, RAM 8GB, Windows 10, bátìrì tó jẹ́ pé tó bá ṣe bí ọkùnrin á fún mi ní wákàtí kan àbọ̀. Irú ẹ̀ kún Computer Village n'Íkẹjà, wọ́n máa ń tò wọ́n léra bíi búrẹ́dì. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, òun náà ni mo fi ń wo fíìmù lálẹ́, tó bá wá di òpin ọ̀sẹ̀ màá fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí màmá mi lè wo fíìmù Yorùbá wọn lórí YouTube. Bráósà tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kò sí ìjà láàárín wa, ó kàn ń jẹ RAM bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣínu ni, tí mo bá ṣí tẹ́ẹ̀bù mẹ́fà ẹ̀rọ á dì pa.

Ẹ ò ní gbàgbọ́, ọ̀pọ̀ bráósà táwọn èèyàn ń sá lọ bá, Edge, Opera, Brave, Vivaldi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú Chrome, Chromium ni gbogbo wọn gbé orí ẹ̀ kọ́lé. Opera ti wà níbẹ̀ láti 2013, Edge bọ́ síbẹ̀ ní January 2020. Firefox ti Mozilla ò sí lára wọn, Gecko ni ẹ́ńjìnnì tiẹ̀, látìgbà tó ti jáde ní 2004 sì ni, kí Chrome tó dáyé. Èyí dáa lójú mi, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ń kọ́ wẹ́ẹ̀bù tó sì jẹ́ pé Chrome nìkan ló fi dán an wò, nígbà tí ẹ bá fi Firefox débẹ̀, ẹ lè bá àṣìṣe tí òun ò rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ kìíní, YouTube ṣiṣẹ́ geere. Mo wọ ibi tí mo ti máa ń sanwó oṣooṣù wo fíìmù, mo tẹ play, nǹkan róbótó àárín skírínì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó yí títí, wọ́n wá kọ ọ́ pé nǹkan kan ò lọ déédéé, kí n padà wá. Mo pa á, mo tan án. Mo pa modem, mo tan án. Mo gbé modem lọ sójú fèrèsé. Mo bú àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì mi dé ìdílé bàbá wọn, mo fi fóònù pè wọ́n, ọmọdébìnrin tó gbé e ní "Ẹ má bínú sà, a máa yẹ̀ ẹ́ wò," mo ní kí ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ gbọ́, láti bí mo ṣe ṣí ojú ewé yẹn ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wà lókè pátápátá tó ń bẹ̀ mí pé kí n tan DRM kí fídíò lè ṣiṣẹ́, bọ́tìnnì ẹ̀ wà níbẹ̀ kedere. Èmi rò pé ìpolówó ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi X pa á.

Ta ló wá pa DRM tẹ́lẹ̀? Èmi náà ni. Ọjọ́ tí mo gbé Firefox wọlé, mo ti gbọ́ níbì kan pé kéèyàn pa gbogbo ohun tí kò bá mọ ìwúlò ẹ̀ nínú sẹ́tínsì kí wọ́n má baà máa ṣọ́ ọ, mo bá ń yọ ààmì kúrò bí ẹni ń já ewé ẹ̀fọ́. Nígbà tí wọ́n bá gbé e fúnni lórí Windows, títan ló máa ń wà.

DRM yìí, kọ́kọ́rọ́ ni ẹ kà á sí. Fíìmù tí wọ́n ń tà, wọ́n ti tì í pa kéèyàn má baà dà á kọ, bráósà tó bá ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ tí Firefox ń lò ń jẹ́ Widevine, Google ló ni ín, 2010 ni wọ́n ra ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Fídíò ọ̀fẹ́ orí YouTube, wọn ò tìlẹ̀kùn mọ́ púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn ló fi ń ṣiṣẹ́ tí ti olówó ò ṣiṣẹ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé YouTube ń lọ ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ ti ń sanwó kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀ jàre. Ẹ lọ sí sẹ́tínsì, abẹ́ General, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Play DRM-controlled content" sí, ẹ fi ààmì sí i. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ni, Firefox fúnra ẹ̀ ló máa lọ gbé Widevine wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún ojú ewé yẹn ṣí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ tẹ about:addons síbi àdírẹ́sì, ẹ wo Plugins, ẹ máa bá a níbẹ̀, òun àti OpenH264 ti Cisco. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé a kó ẹrù wa jáde nílé Google, kọ́kọ́rọ́ Google náà la tún fi ń ṣílẹ̀kùn níbi tá a kó lọ.

Ẹ má sì retí kí àwòrán fíìmù olówó dán lórí kọ̀ǹpútà bíi ti orí tẹlifíṣọ̀n olówó ńlá o. Widevine ní ìpele, ti orí bráósà kọ̀ǹpútà sábà máa ń jẹ́ L3, ìyẹn èyí tó jẹ́ pé software lásán ló ń ṣí kọ́kọ́rọ́, àwọn tó ni fíìmù ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán irú ẹ̀, wọ́n lè máà gbé èyí tó dán jù fún yín. Mi ò bá wọn jà, skírínì mi ò ju ínǹṣì 14 lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì ni tòótọ́ wá dé. Alẹ́ ọjọ́ Sunday, iná wà (ẹ gbọ́ o, iná wà!), màmá mi ti jókòó, wọ́n ti gbé ẹ̀pà síwájú, mo so HDMI, mo tẹ fíìmù. Ohùn ń jáde, àwòrán ò sí. Dúdú kirimú bí ìdí ìkòkò. Àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú òkùnkùn yẹn, màmá mi na ọrùn, wọ́n ní, "Wọ́n ti ń sunkún o. Ta ló kú?" Mo ní mi ò mọ̀ mà. Wọ́n ní, "O ò mọ̀ bíi báwo? Ṣé ìwọ kọ́ lo tan án ni?" Wọ́n gbọ́ fíìmù yẹn bíi rédíò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì mọ ẹni tó pa ẹni tó kú kí n tó rí nǹkan kan ṣe sí i, kí n má purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé e lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa. Kò tíì jókòó tó fi ní skírínì ló kú, ó dárúkọ owó tó tó ra ewúrẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ skírínì ló kú, báwo ni mo ṣe ń rí ojú yín nínú fọ́tò tẹ́ ẹ gbé síbí yìí?" Ó ní áà, bóyá RAM ni. Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi, mo kí i pó dàbọ̀.

Ohun tó ń fa irú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nìyí: bráósà máa ń gbé iṣẹ́ títú fídíò lé ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tó ń rí sí àwòrán lọ́wọ́, kí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, lè sinmi. Ẹ̀yà yẹn wá ní dríbà, ìyẹn software kékeré tó ń bá a ṣiṣẹ́, tí dríbà náà bá ti gbó, àti òun àti bráósà ò ní gbọ́ ara wọn yé mọ́, ohùn á gba ọ̀nà tiẹ̀ jáde, àwòrán á há sínú. Dríbà tèmi, mi ò pààrọ̀ ẹ̀ látọjọ́ tí mo ti rà á. Ẹ lọ sí sẹ́tínsì, ẹ wá Performance, ẹ yọ ààmì lára "Use recommended performance settings", ìgbà yẹn ni èkejì tó ń jẹ́ "Use hardware acceleration when available" máa yọjú, ẹ yọ ti òun náà, ẹ pa Firefox pátá kẹ́ ẹ tún un ṣí. Tí àwòrán bá jáde, ẹ ti mú olè. Àmọ́ ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o! Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe àṣìṣe, wọ́n á fi í sílẹ̀ ní pípa, CPU á wá máa ru gbogbo ẹrù, láptọ́ọ̀pù á gbóná débi téèyàn lè yan ẹ̀pà lórí ẹ̀. Ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yín, ẹ gba dríbà àwòrán tuntun, ẹ fi sí i, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ wá dá ààmì méjèèjì yẹn padà. Tèmi ti ń lọ láti ìgbà náà.

Ó kù ọ̀kan, òun ló sì pẹ́ jù lára mi, torí kò dà bíi pé nǹkan bàjẹ́. Fídíò ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń gé, ẹnu òṣèré á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ẹni tó ń sáré á dúró á fò á dúró bí àkèré, fáànù láptọ́ọ̀pù á sì máa kùn bí I-better-pass-my-neighbour. Gbogbo ilé ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, àfi ọjọ́ kan tí mo wo ìlà ìsàlẹ̀ fídíò YouTube, ìlà eérú tó máa ń ṣáájú ti pupa, tó ń sọ iye tó ti gbà sílẹ̀ de ibi tẹ́ ẹ wà. Ó ti lọ jìnnà réré níwájú! Ó túmọ̀ sí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gbé ọjà wá jájá sẹ́nu ọ̀nà, àwa tá a wà nínú ilé ni ò lè tú u.

Ẹ fi máòsì tẹ apá ọ̀tún lórí fídíò YouTube, ẹ yan "Stats for nerds". Àpótí dúdú kékeré kan á jáde lókè lápá òsì, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ bà yín lẹ́rù, ìlà méjì péré ni mo bá wá. Ìkíní ni ibi tí wọ́n kọ Codecs sí, ìkejì ni ibi tí wọ́n ti ń ka dropped frames, ìyẹn àwòrán tó já bọ́ lójú ọ̀nà. Lórí ẹ̀rọ mi nọ́ńbà yẹn ń sáré bíi mítà ilé epo, mo sì rí av01 níwájú Codecs.

Codec ni ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ká fídíò kó lè wọ inú báàgì. H.264, tí àpótí yẹn máa ń pè ní avc1, àgbà ni, láti 2003, kíká ẹ̀ ò fún jù, báàgì ẹ̀ tóbi díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá dáyé lẹ́nu ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn mọ bí wọ́n ṣe ń tú u láì làágùn. VP9 tẹ̀ lé e ní 2013. AV1 dé ní 2018, òun ló ká nǹkan fún jù, dátà tó ń jẹ kéré, inú YouTube sì máa ń dùn láti gbé e fún yín, àmọ́ títú ẹ̀ gba agbára gidi. Intel ò fi ohun tó ń tú AV1 sínú chip láptọ́ọ̀pù wọn títí di ìran kọkànlá ní 2020. VP9 náà, ìran keje ló ti pé dáadáa. Ìran kẹfà ni tèmi. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹ gbé ẹrù ọ̀dọ́mọkùnrin ka bàbá àgbà lórí, ẹ wá ń bínú pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ibí ni mo ti fẹ́ràn Firefox jù, torí ó jẹ́ kí n dá sí i. Ẹ tẹ about:config síbi àdírẹ́sì, ó máa kìlọ̀ fún yín kẹ́ ẹ ṣọ́ra, ẹ gbà, ẹ wá media.av1.enabled, ẹ tẹ ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì kó di false. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn níbẹ̀ tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n o. YouTube á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé VP9 fún yín. Tí ìyẹn náà bá ṣì ń dá yín lágara bó ṣe dá mi, extension kan (nǹkan kékeré téèyàn lè fi kún bráósà) wà tó ń jẹ́ enhanced-h264ify, ẹ fi sí i, ẹ ní kó dí VP9 náà, H.264 nìkan ló máa kù. Mo ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tún fídíò kan náà ṣí, Codecs ti di avc1, nọ́ńbà àwòrán tó ń já bọ́ dúró sí òdo, kò lọ kò bọ̀, mo wá gbọ́ pé fáànù dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́pẹ́ débi pé mo gbọ́ aago ara ògiri. Bátìrì wákàtí kan àbọ̀ ọjọ́sí, mo rí i wo fíìmù kan tán pẹ̀lú ẹ̀ láì tan gẹn.

Ó ní ohun tó ń gbà padà o. Lórí YouTube H.264 ò kọjá 1080p, ẹni tó ní skírínì 4K kó má ṣe é. Dátà náà á gòkè díẹ̀ torí báàgì ti tóbi, ọ̀rọ̀ dátà sì ti kúrò ní ṣeréṣeré látìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti fọwọ́ sí i ní January 2025 pé kí wọ́n lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: Netflix fúnra wọn ní 5 Mbps ló yẹ fún 1080p, 3 Mbps fún 720p. Tó bá ń wọlé ní 5 Mbps fún odidi wákàtí kan, 2.25GB nìyẹn, tó bá jẹ́ 3 Mbps, 1.35GB. Fíìmù wákàtí méjì, ìyàtọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2GB. Èmi ti fi tèmi sí 720p, lórí ínǹṣì 14 ojú mi ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀, màmá mi náà ò sọ nǹkan kan lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì máa ń sọ nǹkan tó bá yẹ ní sísọ.

Nígbà tó bá wá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní tòótọ́, ẹ máa mọ̀. Ìlà eérú yẹn á máa fara kan ìlà pupa, fáànù á dákẹ́, nǹkan róbótó á máa yí. Ẹ ṣí fast.com ẹ wo iye tó ń wọlé. Ládùúgbò wa, láti aago méje sí mẹ́wàá alẹ́ kò sóògùn ẹ̀, mo máa ń sùn kí n tó wo fíìmù mi láàárọ̀ kùtù.

Ọ̀rọ̀ extension tó ń dí ìpolówó àti asà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, mi ò fẹ́ fa ìyẹn gùn. Tí ojú ewé kan bá kọ̀ ẹ tẹ asà yẹn, ẹ pa ààbò fún ibẹ̀ nìkan, ẹ wò ó. Tó bá ṣì kọ̀, lọ sí Help, Troubleshoot Mode, ó máa ṣí Firefox láìsí extension kankan, tí fídíò bá ń lọ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn extension tẹ́ ẹ kó jọ ló ń ṣe yín. Tèmi jẹ́ méje nígbà yẹn, mi ò mọ ìwúlò mẹ́rin nínú wọn.

Àfi èyí tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá, ìyẹn ya mí lẹ́nu. Tàǹsífọ́mà àdúgbò wa jóná, ọjọ́ mẹ́fà kò síná, láptọ́ọ̀pù kú fin-ín. Ọjọ́ tí wọ́n mú iná dé mo tan án, mo wọ ibi fíìmù, Firefox gbé ìkìlọ̀ ńlá jáde pé ewu ń bẹ níwájú. YouTube, ìkìlọ̀. Báńkì, ìkìlọ̀. Mo ní wọ́n ti gbé mi lówó nìyẹn, màmá mi ti sọ ọ́. Àṣé bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ, CR2032, irú èyí tó wà nínú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ló ti kú, òun ló máa ń bá a rántí ọjọ́ tí kò bá sí iná. Kọ̀ǹpútà mi gbà pé January 2016 la wà. Gbogbo wẹ́ẹ̀bù wá ń mú ìwé ẹ̀rí wọn yọ fún un, lójú tiẹ̀ ó dà bí ẹni tó mú ìwé ìbí ọmọ tí wọn ò tíì lóyún ẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Tẹ́ ẹ bá tẹ Advanced lábẹ́ ìkìlọ̀ yẹn, ẹ máa bá MOZILLA_PKIX_ERROR_NOT_YET_VALID_CERTIFICATE, ohun tó ń wí nìyẹn, ìwé yìí ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo tún déètì ṣe lọ́wọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ṣí. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ti jókòó síwájú ẹ̀ fún wákàtí méjì.

Ẹni tó bá ṣì ń lo Windows 7, Firefox 115 ESR ni èyí tó gbẹ̀yìn tó máa gbà, ẹ má wá tuntun kiri. Ẹni tí Windows ẹ̀ bá ní lẹ́tà N lẹ́yìn orúkọ, ó máa ní láti fi Media Feature Pack ti Microsoft sí i kí H.264 tó ṣiṣẹ́. Lórí Linux náà, ẹ rí i pé ffmpeg, software tó ń tú fídíò, wà.

Ẹ wá bi mí pé pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí kí ló dé tí mi ò padà síbi tí mo ti wá. Ó rọrùn. Tí mo bá gbé máòsì sórí fídíò, bọ́tìnnì kan wà tó máa yọ ọ́ sóde sínú fèrèsé kékeré tó máa dúró lórí gbogbo nǹkan, mo ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì mi nísàlẹ̀, fíìmù ń lọ ní igun, láti 2022 sì ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ti ń tẹ̀ lé e jáde níbi púpọ̀. Fídíò tó ní ariwo ò lè ta gìrì bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ti dá ọ̀pọ̀ dátà sí fún mi lórí àwọn wẹ́ẹ̀bù ìròyìn tí wọ́n máa ń fi fídíò lu èèyàn lójú. uBlock Origin, extension tó ń dí ìpolówó, odidi ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tẹ́ẹ̀bù mẹ́wàá, ẹ̀rọ mi ò dì pa mọ́.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé nǹkan tó yanjú ìṣòro mi jù wà nínú about:config, ibi tó jẹ́ pé àlejò ò lè dá dé, ẹni tí ò bá rẹ́ni sọ fún un á kàn gbà pé láptọ́ọ̀pù òun ti darúgbó. Wẹ́ẹ̀bù kan sì wà tí mò ń wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀ tó ṣì ń sọ fún mi pé kí n lọ lo Chrome, mo gbìyànjú gbogbo ohun tí mo sọ sókè yìí, ó fárígá, torí náà bráósà kejì ṣì wà lórí ẹ̀rọ mi fún bọ́ọ̀lù nìkan. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.

CR2032 tuntun, mo ti rà á, ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀gbẹ́ni ẹlẹ́wúrẹ́ ọjọ́sí ló ní òun máa bá mi fi sí i lọ́fẹ̀ẹ́, mo ń rò ó. Lálẹ́ àná màmá mi tún jókòó, wọ́n gbé ẹ̀pà wọn síwájú, wọ́n ní, "Bá mi tan kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn, ká mọ ẹni tó kú lónìí."